Ewé Líle Inú Ìkòkò Sìkírátù

Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, bí oúnjẹ bá fẹ́ pa èèyàn, a ti máa ń mọ ẹni tó fi nǹkan sí i kí ọbẹ̀ tó hó. Ìyáálé ni, tàbí ọ̀rẹ́ tó ń jowú, tàbí ẹbọra tó pa ara dà di arẹwà. Àwa ọmọdé á ti máa pariwo pé kó má jẹ ẹ́ o, kó má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Sìkírátù kò ní orogún, kò ní ọ̀tá, ẹbọra kankan kò sì gba ọ̀nà Ìgàǹdó wọlé tọ̀ wá wá. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ẹ̀fọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi pariwo.

Ògiri kan ló wà láàrin yàrá mi àti tiwọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, òun àti Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀. Bírìkìlà ni Nùrẹ́nì. Bí ẹ bá ti Ìgàǹdó rìn dé Ìkòtún, ẹ ti kọjá lára ògiri tó mọ. Ọkùnrin gíga ni, aláwàdà, tí kì í lọ síbi iṣẹ́ láì kí gbogbo ará ilé lójú fèrèsé. Irun ni Sìkírátù ń dì ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í fa orí. Ọmọ tó bá ń sunkún nígbà tó rí òòyà, orí itan Sìkírátù ni yóò sùn sí títí irun á fi parí. Ọwọ́ kan náà ló fi ń se ọbẹ̀. Bó bá ń ro ẹ̀fọ́, àwa tó kù nínú ilé á wá àwáwí láti lọ yá ìṣáná lọ́dọ̀ rẹ̀. Mubarakah ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Dopemu nígbà náà.

Lọ́dún tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, kí a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ pàápàá, Nùrẹ́nì kírun àárọ̀ tán, ó ní kí ìyàwó òun gbé ògì òun wá. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sìkírátù rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ó ní, "Bàbá Mubarakah, ẹ má fi oúnjẹ ṣeré o."

Ìgbà tó wò ó lójú, ẹnu ọkọ rẹ̀ ti yà sí apá kan.

Nígbà tí wọ́n gbé e ti ilé ìwòsàn dé, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń mọlé ti sùn sára rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já gbé kọ́rùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwàdà inú rẹ̀ kò tíì lọ. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò ni wọ́n ní kí ó ti máa gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Mísìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́, ọmọ Èkìtì, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo ilé ẹ̀kọ́. Òun ló jókòó ti Sìkírátù, tó ka ọ̀rọ̀ náà fún un lórí ìka.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, Ìyá. Ọlọ́run ló bá wa dá èyí dúró. Bó bá tún gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, bóyá la máa rí i gbé padà wálé. Oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Iyọ̀, rárá. Magí, rárá. Ẹran ọlọ́ràá, kó má tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ewé ni kí ó máa jẹ. Ẹ sì má máa da omi ẹ̀fọ́ nù, inú rẹ̀ ni oore wà."

Sìkírátù délé, kò tíì tú gèlè tó fi kó agolo iyọ̀ àti Magí rẹ̀ wá bá mi.

"Màmá, ẹ gbà. N kò fẹ́ kí ojú mi kàn án mọ́."

Mo ní, "Ìwọ àti ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ohun tí Bàbá Mubarakah kò bá ti lè jẹ, a ò jẹ ẹ́."

Mubarakah gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ha, Mọ́mì! Ìyà yìí kì í tún ṣe ti Dádì nìkan nìyẹn o." Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Gbogbo ilé náà jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò ní sọ òtítọ́ nìkan ló máa sọ pé ọbẹ̀ aláìníyọ̀ dùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé tẹ̀tẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Nùrẹ́nì fi ọwọ́ òsì bu òkèlè kan, ó gbé e mì, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Sìkírá, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ̀fọ́ ni, Bàbá Mubarakah."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dá òun padà sóko."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti àwo sẹ́yìn, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí ṣọkọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbúre àti ewúro pẹ̀lú. Sìkírátù lọ ata, ó lọ atalẹ̀, ó fi irú pẹ̀tẹ̀ sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ọkùnrin náà kàn ń tọ́ ọ wò bí ológbò tó ń tọ́ omi wò ni. Egungun ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọjọ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é gan-an.

"Gbogbo ewé yìí ń yọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti jẹ pọ̀nmọ́ dàgbà, Sìkírá. Fún mi ní nǹkan tí n óò jẹ tí òun náà á mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ òun."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Festus. Ará Oǹdó ni Festus, ó ń dáko ewébẹ̀ ní ilẹ̀ àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ lọ lọ́jọ́ náà. A rí ebè kan tí ewé orí rẹ̀ ṣù, tó wé wìnnìwìnnì létí, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi ti aṣọ ẹlẹ́lùú.

Sìkírátù tẹ̀ ba, ó fọwọ́ pa á. Ó ní, "Festus, ewé wo rè é, tó dà bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú?"

"Keèlì ni wọ́n ń pè é, Ìyá Mubarakah. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́hùn-ún ni mo ń gbìn ín fún."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

"Wọn kì í sè é. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Tútù! Ewúrẹ́ ni wọ́n, àbí kí ni?"

"Ewúrẹ́ tó wọ bàtà ni, Mà," ni Festus wí. "Èyí tí kòkòrò bá ti lu, wọn kì í gbà á. Ẹ máa wá kó o. Ó le o, mo ti kìlọ̀ fún yín."

Ó le lóòótọ́. Sìkírátù sè é bí a ṣe ń se ṣọkọ, ó bọ̀ ọ́, ó fún un, ó rò ó mọ́ ata. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ lọ, ó jẹ ẹ́ bọ̀, a gbọ́ ìpè ìrun àsárì láti mọ́ṣáláṣí.

Ó ní, "Wọ́n ti pe ìrun. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi sẹ́nu ni mo ṣì ń bá jà." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là bó ṣe ń sọ ọ́. "Ẹ̀fọ́ yìí dára o. Ó mọ̀ pé wọ́n ń jẹ òun. Ṣá ti bá mi rọ̀ ọ́ díẹ̀."

Kí la fi ń rọ nǹkan líle nílé wa? Ẹ̀wà tó bá le, kán-ún ni. Ilá tí a bá fẹ́ kó yọ̀ dáadáa, kán-ún ni. Bí ìyá Sìkírátù ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìyá tèmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohun tó yẹ kó béèrè. Kán-ún rẹ̀ wà nínú ife kékeré kan lójú fèrèsé ilé ìdáná, òkúta funfun bí eyín ẹṣin. Ó ya díẹ̀ lára rẹ̀, ó jù ú sínú omi gbígbóná, omi ru fùù, ó sì da ewé lé e.

Ewé náà gbà. Ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì tún mọ́ yòò ju ti oko lọ. Sìkírátù ń fi orógùn yí i, ó ń kọrin sí i lábẹ́ ahọ́n:

Ewé le, kò le jù mí lọ;
omi ń bẹ, iná ń bẹ,
ẹnu ọkọ mi ń dúró.

Láti ọjọ́ náà ni àwo ti ń ṣófo. Ẹ wá rí ohun tí obìnrin yìí fi ewé kan ṣe! Lónìí, á lọ ẹ̀gúsí, á jẹ́ kó dì wóróworó kó tó da ewé sí i. Lọ́la, á gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà, á fi ata rodo àti àlùbọ́sà ṣe é títí tí òórùn rẹ̀ á fi pe àwa tó wà nínú yàrá jáde. Ó pò ó mọ́ mọ́ínmọ́ín. Ó fi ṣe àsáró iṣu. Ẹja gbígbẹ, á fi omi gbígbóná ṣan án lọ ṣan án bọ̀ nítorí iyọ̀ tí àwọn ẹlẹ́ja lè ti fi pa á, lẹ́yìn náà ni yóò tó ya á sí i. Omi tó sì fi bọ ewé, kò dà á nù, nítorí Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀. Á sẹ́ ẹ sínú ife, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á ta ata sí i.

"Tíì yín rè é, Bàbá Mubarakah."

Nùrẹ́nì á mu ún, á pọ́n ètè lá. Ẹran ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ó tún ń kí wa lójú fèrèsé, láti inú ilé báyìí. Àwa obìnrin ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sọ́dọ̀ Festus, ẹ̀fọ́ Festus sì di orúkọ ewé náà lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Ó tún gòkè sí i ni. Wọ́n ní bóyá ìrìn ni, kó sinmi kí wọ́n tún un wọ̀n. Ó sinmi. Ó ṣì wà lókè. Wọ́n tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, ó ga ju ti tẹ́lẹ̀. Mísìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́ béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Mubarakah kó ọ̀rá oògùn jáde, ó hàn pé ó ń lò ó. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wá bojú wo Sìkírátù.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ò máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ tàn án?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Mà."

Àsìkò yẹn gan-an ni ariwo Ẹ̀bólà gbòde. Ẹ ó rántí pé ìdájí ọjọ́ kan ni gbogbo ìlú jí, tí wọ́n ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ilé wa náà kò gbẹ́yìn. Ẹnìkan fi korobá omi iyọ̀ síwájú ilẹ̀kùn Sìkírátù, ó rò pé oore lòun ń ṣe. Sìkírátù dà á sí gọ́tà, ó sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà bí adìyẹ tó rí àṣá.

"Ẹ má mú iyọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi! Ẹ mu tiyín, ẹ fi wẹ̀ bó bá wù yín, kí ó má ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi!"

Gbogbo wa la gbọ́. Kán-ún wà lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń pariwo yẹn.

Ìròyìn pé ẹ̀jẹ̀ ń gòkè dé Ìdímù, níbi tí Ìyá Wàsíù ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Nùrẹ́nì ni, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, títí dòní kò sì tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà kan wá, ẹ̀wà tó jinná tó fẹ́ di ẹ̀kọ. Ó bọ́ àbúrò rẹ̀ tán kó tó kọjú sí ilé ìdáná.

"Ìyàwó, níbo lo fi iyọ̀ pamọ́ sí?"

Sìkírátù kúnlẹ̀. "Kò sí iyọ̀ nílé yìí, Àǹtí."

"Ilé wo ni kò sí iyọ̀? Ilé àwọn òkú?"

Ó ń ṣí ìkòkò, ó ń gbóòórùn wọn. Ó fi ìka ra ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó lá a, ó tún lá a. Ó wo ẹ̀yìn garawa àti abẹ́ tábìlì. Ó nawọ́ sójú fèrèsé, ó ti ife kán-ún sápá kan kí ó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Ìyá Wàsíù, ọ̀dọ̀ mi ni iyọ̀ rẹ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o fún mi."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹ̀ ń gbè é ni."

"Kí ni mo fẹ́ gbè é fún?"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í gòkè lásán. Ẹnìkan ń fún ọmọ yìí ní nǹkan." Ó na ìka sí Sìkírátù. "Gbọ́ mi, ìyàwó. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí tí ẹ̀jẹ̀ yìí kò bá wálẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé e lọ. N óò máa fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọ, a ó sì wò ó bóyá yóò kú."

Nùrẹ́nì pè láti inú yàrá pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n..." Ọ̀rọ̀ náà kò parí. A dúró dè é. Ó tún un gbìyànjú, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ ọ̀rọ̀. Mubarakah sáré wọlé. Ìgbà tí ó yá, ahọ́n rẹ̀ tún padà, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ ọmọ rẹ̀ di ohun tí kò lè pè tán. "Mubá" ló ń pè é. Ọmọ náà ń dáhùn, ó sì ń wolẹ̀.

Sìkírátù kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ó se ẹ̀fọ́ fún ọkọ rẹ̀ ṣáá. Ó rò pé bóyá ìtọ́jú òun ni kò tíì tó, ó wá bu omi ẹ̀fọ́ fún un kún ife ju ti ìṣáájú lọ.

Ọjọ́ tí a lọ, mo bá wọn lọ, èmi ni mo di apá kejì mú. Bẹ́ńṣì kún fún àwọn ìyá olóyún àti àwọn arúgbó bíi tèmi. Mísìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́ di nǹkan mọ́ Nùrẹ́nì lápá, ó fún un, ó gbọ́ ọ, ó tún fún un. Nígbà tó yọ ọ̀pá etí rẹ̀, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀fọ́."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ẹ̀fọ́." Nùrẹ́nì mí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta lábẹ́ omi. "Nọ́ọ̀sì... bí ẹ bá la inú mi... ewúrẹ́ á sáré wọlé."

Bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Wàsíù dìde pé, "Ẹ ti gbọ́ fúnra yín, Mà. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni kí ẹ wò!"

"Ẹ jókòó, Mà." Nọ́ọ̀sì kọjú sí Sìkírátù. "Ìyá, ẹ wá. N kò bá yín jà. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń se ẹ̀fọ́ náà fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbé omi kaná."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Sìkírátù ní ìbéèrè tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo rí i tó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe é bó ṣe ń sọ ọ́.

"N óò kọ́kọ́ já ewé kúrò lára igi rẹ̀, Mà, nítorí igi rẹ̀ le. N óò fọ̀ ọ́, kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí etí rẹ̀. N óò lọ ata rodo pẹ̀lú tàtàṣé díẹ̀, tàtàṣé ni kò ní jẹ́ kó ta jù. Àlùbọ́sà, n óò rẹ́ ẹ tínrín, n óò jẹ́ kó pọ́n nínú epo díẹ̀, kó máa rùn sókè dáadáa."

Aboyún kan lórí bẹ́ńṣì gbé itọ́ mì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún ibi àlùbọ́sà yẹn sọ." A tún rẹ́rìn-ín, Sìkírátù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Irú, wóró ni mo ń lò. Ẹja, mo ti fọ gbogbo iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Omi á ti máa hó nínú ìkòkò kejì. N óò ya kán-ún díẹ̀ sí i, n óò wá da ewé..."

"Ẹ dúró."

Sìkírátù dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bí ẹni tó fẹ́ da ewé sómi.

"Kí lẹ ní ẹ yà sí i?"

"Kán-ún, Mà. Kí ó lè rọ̀. Ó le ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ tí mo bá ti sè é, Mà."

"Omi náà ńkọ́?"

"Ó ń mu ún. Ẹ̀yin lẹ ní ká má dà á nù."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ohùn agogo yẹn wá sílẹ̀.

"Ìyá, ohun tó wà nínú iyọ̀, tó ń lé ẹ̀jẹ̀ sókè, òun náà ló wà nínú kán-ún."

"Kán-ún kì í ṣe iyọ̀, Mà. Kò jọ iyọ̀ lẹ́nu."

"Ẹnu ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọ̀pá etí rẹ̀ sórí tábìlì. "Èmi ni mo ní kí ẹ má da omi nù. N kò sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀."

Mo wo Ìyá Wàsíù. Mo rò pé yóò pariwo. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ nínà, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ó ní, "Ẹ̀wà tí mo gbé wá láti Ìdímù. Nọ́ọ̀sì, mo fi kán-ún sè é. Mo fi púpọ̀ sí i, kí ó má baà ni ọmọ náà lára láti jẹ."

Wọ́n tẹ́ Nùrẹ́nì síbẹ̀ títí ọ̀sán fi kọjá. Dókítà wá, ó fi oògùn mìíràn kún tirẹ̀. Ìyá Wàsíù tẹ̀lé wa délé, kò sọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, kò sì sọ fún Sìkírátù pé kó má bínú.

Sìkírátù kò wọ ilé ìdáná. Ó jókòó lórí àpótí tó fi ń di irun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ó ń wò wọ́n.

"Màmá, ọwọ́ yìí ló ṣe é."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ náà ni. Mo bá a jókòó ni.

Ọjọ́ kejì, oòrùn ti dé àtàrí, kò sí iná ní ilé ìdáná. Mubarakah po ògì fún bàbá rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó ní ó tó. Ìgbà tó yá, a gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Sìkírá. Ebi."

Sìkírátù kò gbórí sókè. "Ẹ jẹ́ kí Àǹtí se nǹkan fún yín."

"Àǹtí?" Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó jáde. "Mo mọ... ọbẹ̀ Àǹtí... láti kékeré. Ìyẹn gan-an... ló máa pa mí."

Ìyá Wàsíù pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ! Ẹnu tó ti wọ́, kò tíì dẹ́kun àfojúdi!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọlé lọ gbé ẹ̀fọ́ Festus tó ti ń rọ nínú agbọ̀n, ó gbé e ka iwájú Sìkírátù. Kò kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé Sìkírátù ló ga jù ú lọ.

"Ìyàwó, kọ́ mi. Láìsí kán-ún."

"N kò mọ̀ ọ́n láìsí kán-ún, Àǹtí."

"Jẹ́ ká jọ máa wá a."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ Sìkírátù tó gbéra. Ó mú ewé kan. Ó fi èékánná ya egungun àárín rẹ̀ jáde láti òkè délẹ̀, bí ó ṣe ń fi ìlàrun ya irun ọmọ. Ó to àwọn ewé lé ara wọn, ó ká wọn, ó sì ń rẹ́ wọn tínrín, tínrín bí òwú. Ó kó wọn sínú abọ́, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó kán epo pupa díẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa á, bí ó ṣe ń fi òróró pa orí ọmọ tí irun rẹ̀ le. Ó pa á, ó fún un, ó tún pa á. Kò kọrin. Ewé tó kún abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

Ohun gbogbo tó bá fẹ́ fi sí i, á kọ́kọ́ gbé e sókè.

"Èyí ńkọ́?"

"Ata ni," ni Ìyá Wàsíù á wí.

"Èyí?"

"Àlùbọ́sà."

"Irú ńkọ́? Ṣé ẹni tó pa irú kò fi iyọ̀ sí i?"

Kò sí ẹni tó lè búra nínú wa. Ó dà á nù. Ó dé e lórí iná kékeré títí ata fi wọ̀ ọ́ lára, ó sì sọ̀ ọ́.

Nùrẹ́nì jẹ òkèlè kan. Àwa mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́.

Ó ní, "Ó le."

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, Bàbá Mubarakah. Kò sí ibi tí à ń sáré lọ."

Ó rọra jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a tún lọ, Mísìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́ sì ní kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti lọ lẹ́nu rẹ̀ kò padà wá. "Mubá" ló ń pe ọmọ rẹ̀ títí. Sìkírátù padà sídìí irun dídì, àmọ́ kì í fi nǹkan sí ìkòkò mọ́ láì kọ́kọ́ gbé e sókè wò, bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò dá a lóhùn.

Ògiri àárín wa kò nípọn. Lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ṣíbí lára àwo, lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ ọkùnrin náà tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rún ewé líle yẹn, tó ń rún un, tó ń rún un. Ọjọ́ tí n kò bá tètè gbọ́ ọ, n óò gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi kalẹ̀, n óò gbé etí lé ògiri, n óò sì dúró.